Ọmọ gba 287 nínú JAMB: ṣé UI á mú un fún Mẹ́dísìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, gba 287 nínú JAMB tó jáde yìí: Gẹ̀ẹ́sì 68, Bàọ́lọ́jì 78, Kẹ́místìrì 74, Físíìsì 67. Mẹ́dísìn ní UI, Yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ mú. Lọ́dún tó kọjá, 241 ló gba, wọn ò mú un, ó sì fi gbogbo ọdún kan jókòó sílé kàwé. WAEC rẹ̀ dára: A1 nínú Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místìrì àti ìṣirò, B2 nínú Gẹ̀ẹ́sì, B3 nínú Físíìsì. Ṣagamu la ń gbé, ibẹ̀ la bí i sí. Ará Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀. Àwọn kan ní kí n fọkàn balẹ̀, pé 287 ti pọ̀ tó. Àǹtí rẹ̀ ní kó tètè yí i sí Nọ́ọ̀sì. Ẹnì kan tún wà tó ní òun lè bá wa rí sí i tí a bá lè mú owó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bò fún mi: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ṣáǹsì rẹ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì bá mi kí òun náà kú iṣẹ́. Láti 241 sí 287 láàárín ọdún kan, iṣẹ́ ńlá ni. Máàkì 46 kì í jábọ́ lu èèyàn lójú oorun.

Mi ò ní dá ìdá kankan nínú ọgọ́rùn-ún fún yín, kì í sì í ṣe pé mo ń sá fún ìbéèrè yín. Ẹni tó bá ní "ìdá ọgọ́ta" tàbí "ìdá ọgbọ̀n," ẹnu rẹ̀ ló ti mú un wá. Ohun tí mo lè fún yín wúlò ju ìyẹn lọ. Mo lè sọ iye máàkì tí ọmọ yín gbọ́dọ̀ mú jáde nínú post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, kí orúkọ rẹ̀ tó wọlé, mo sì lè sọ bí ẹ ó ṣe mọ̀, nínú ilé yín, kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, bóyá agbára rẹ̀ ká a. Ó pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn òbí jókòó ṣe ìṣirò yìí ní Ìbàdàn. Àwọn tó tètè ṣe é ni ọ̀rọ̀ kì í bá lójijì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí 287 dúró sí. Lọ́dún 2024, èsì 1,842,464 ni JAMB gbé jáde. Nínú gbogbo èrò yẹn, 439,974 ló gba 200 sókè. Àwọn tó gba 250 sókè jẹ́ 77,070. Àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 8,401. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó jókòó ṣèdánwò, bíi mẹ́rin péré ló dé 250. Ọmọ yín kọjá ibẹ̀ dáadáa. Àwọn tó sọ pé 287 pọ̀ kò purọ́ fún yín. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo Nàìjíríà ni ọmọ yín ń bá du ààyè. Àwọn tó kọ UI sí ipò kìíní, tí wọ́n kọ Mẹ́dísìn sí iwájú rẹ̀, ló ń bá du ú, àwọn mẹ́rin inú ọgọ́rùn-ún yẹn gan-an ló sì ń rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Ọdún 1948 ni wọ́n dá UI sílẹ̀, kò sí yunifásítì tó dàgbà jù ú lọ ní Nàìjíríà, UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, sì wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ láti fi kọ́ṣẹ́. Ta ni kò fẹ́? Bẹ́ẹ̀ UI kò lè torí pé èrò pọ̀ kó kàn fi àga kún àga. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàbójútó iṣẹ́ dókítà, ló ń sọ iye ọmọ Mẹ́dísìn tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ìdí nìyẹn tí 287, tí ì bá gbé ọmọ wọ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì mìíràn ní wọ́ọ́rọ́wọ́, fi ń mú kó wà láàárín èrò níbí.

Ẹ wo bí UI ṣe ń ṣírò rẹ̀. Wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB, kí 400 lè di 50. Wọ́n á fi 2 pín máàkì post-UTME, kí 100 lè di 50. Wọ́n á ro méjèèjì pọ̀. Ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní aggregate, òun ni wọ́n á fi to àwọn ọmọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. WAEC kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ní UI, WAEC ló ń ṣílẹ̀kùn fún ọmọ. Kì í bá a gun àkàbà.

Ti ọmọ yín: 287, tí a bá fi 8 pín in, á di 35.875. Ìyẹn ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yọ nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bù kún un. Ó ku post-UTME.

Ọdọọdún ni cut-off, aggregate tó kéré jù tí wọ́n fi ń mú ọmọ, ń yí padà, torí pé lẹ́yìn ìdánwò ni wọ́n ń mọ̀ ọ́n, nígbà tí wọ́n bá ti rí bí àwọn ọmọ ṣe ṣe sí. Ti Mẹ́dísìn UI, ti àwọn tí wọ́n ń mú lórí merit, ìyẹn lórí máàkì nìkan, sábà máa ń ju 70 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi 76 ṣírò, kí ẹ lè rí ọ̀nà rẹ̀. Tí ẹ bá rí ti ọdún tó kọjá gbà lọ́wọ́ ẹni tó dá yín lójú, ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ yọ 35.875 kúrò nínú 76, ó ku 40.125. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 80.25. Ọmọ yín nílò 81 nínú ọgọ́rùn-ún ní post-UTME. Ẹ kọ 81 yẹn sí ibi tí ẹ ó ti máa rí i lójoojúmọ́. Òun ni ìdáhùn ìbéèrè yín. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ tó kù, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rí, ó sì máa ń dùn mí tí wọn ò bá rí i. Máàkì JAMB kan, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló jẹ́ nínú aggregate. Máàkì post-UTME kan, ààbọ̀ ni. Ìyẹn ni pé máàkì kan ní post-UTME tó máàkì mẹ́rin ní JAMB. Ọmọ tó gba 327 fi 40 ju ọmọ yín lọ, ìròyìn rẹ̀ sì ti kan gbogbo àdúgbò. Nínú ìṣirò UI, 40 yẹn di márùn-ún péré. Tí ọmọ yín bá fi máàkì 10 jù ú lọ ní post-UTME, wọ́n ti dọ́gba. Tó bá fi 11 jù ú, ó ti kọjá rẹ̀. Ìjà ò tíì parí lọ́jọ́ tí JAMB jáde, pàápàá fún ẹni tí kò gba 300.

Mo ti rí i fojú mi. Ọmọkùnrin kan gba 312, ilé wọn sè, wọ́n pe èèyàn jẹun. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti ṣí ìwé mọ́ bó ṣe yẹ. Ó gba 61 ní post-UTME: 39 àti 30.5, ó jẹ́ 69.5. Orúkọ rẹ̀ kò jáde. Lọ́dún kan náà, ọmọbìnrin kan tó gba 274 ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fún un ní ìbéèrè ọdún àtijọ́, 68 ló gba. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé aago síwájú, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bàọ́lọ́jì ń lọ geere. Nígbà tó dé Físíìsì, ó bá ìbéèrè kan pàdé nípa iná mànàmáná, èyí tí wọ́n to rẹ̀sísítọ̀ mẹ́ta pọ̀. Ó yà á, ó pa á, ó tún un yà. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ló fi wà lórí máàkì kan ṣoṣo, nígbà tó sì fi máa kúrò níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ó wá ń fi ìkánjú ṣe àwọn tó rọrùn. Kò sí ohun tí ọmọ náà kò mọ̀. Kò kàn mọ ìgbà tó yẹ kó fi ìbéèrè sílẹ̀ ni. A fi Sátidé mẹ́ta kọ́ ìyẹn nìkan: fò ó, sàmì sí i, padà wá. Ó kúrò ní 68, ó dé 79, láìka ojú ìwé tuntun kan. Lọ́jọ́ ìdánwò gan-an ó gba 86. 34.25 àti 43, ó di 77.25. Wọ́n mú un.

Nítorí náà, Màmá, ohun tí ẹ ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí nìyí. Ẹ wá ìbéèrè post-UTME UI ti ọdún mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí ọmọ kò tíì ṣe rí. Tó bá ti fi wọ́n kàwé tẹ́lẹ̀, wọn ò wúlò fún èyí mọ́, torí orí rẹ̀ á kàn máa rántí ìdáhùn ni. Sátidé mẹ́rin, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, ní wákàtí tí ara máa ń le, láàárọ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà, ẹ jẹ́ kó fi kọ̀ǹpútà ṣe é tí ẹ bá rí ọ̀nà. Ojú tó ti mọ́ ìwé máa ń rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Kí fóònù kúrò nínú yàrá pátápátá, tiyín náà. Kí àkókò pé, kẹ́ ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ máàkì rẹ̀. Ẹ kọ máàkì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ tún kọ ti sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá ti ní mẹ́rin, ẹ kà á wò: mélòó ló dé 81? Ká ní ó gba 72, 78, 75, 82. Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ló kan 81. Ọmọ tó wà báyìí ti ń fọwọ́ kan òrùlé, àmọ́ ó ṣì ń fò kó tó kàn án. Tó bá jẹ́ 61, 64, 59, 66, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, a ó wá ọ̀nà mìíràn kí àkókò tó lọ. Tó bá jẹ́ 83, 80, 85, 84, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a láyà rárá. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe é, máàkì ọjọ́ ìdánwò kì í jìnnà sí ti ilé tí ẹ bá fi òótọ́ dán an wò nílé. Àwọn tó yà mí lẹ́nu kò pọ̀, àwọn tó yà mí lẹ́nu sí rere sì kéré jù nínú wọn.

Láti inú máàkì JAMB rẹ̀, mo ti mọ ibi tí ẹ ó ti rí máàkì he. Bàọ́lọ́jì 78, Kẹ́místìrì 74: wọ́n dára, kí ó máa tọ́jú wọn. Físíìsì 67 àti Gẹ̀ẹ́sì 68 ni oko tí a kò tíì ro. B3 tó gba nínú Físíìsì WAEC ń sọ ohun kan náà. Ọmọ tó fẹ́ràn Bàọ́lọ́jì máa ń fẹ́ jókòó ti Bàọ́lọ́jì, torí ibẹ̀ ló ti ń dùn mọ́ ọn. Kó fi ìdajì àkókò rẹ̀ sí Físíìsì, kó sì máa ka Gẹ̀ẹ́sì ní alaalẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì ti máa ń sọ máàkì tó rọrùn jù nù.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ Ọ̀fà, torí ó dà bíi pé ẹ kò ka gbólóhùn yẹn sí nǹkan kan nígbà tí ẹ kọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í mú gbogbo ọmọ lórí ìlà kan. Ìlànà ìjọba ni pé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti merit, ẹni tó bá gba máàkì jù, láìbéèrè ibi tó ti wá. Ìdá 35 jẹ́ ti catchment, àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká. Ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ dáadáa níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ELDS. Catchment UI ni Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó. Ẹ ti ń rò pé torí pé Ṣagamu lẹ ń gbé, tí ibẹ̀ sì ni ẹ bí ọmọ sí, ọmọ Ògùn ni lójú UI. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí bàbá ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí ọmọ ń gbé. Ọ̀fà wà ní Kwara, Kwara sì wà nínú ELDS. Ọ̀pọ̀ Yorùbá láti Kwara àti Kogi ni kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń sọ Yorùbá bíi tiwa, wọ́n ń gbé láàárín wa, wọn ò ronú pé ìlà mìíràn ni ọmọ wọn tò sí.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè yí padà. Cut-off ELDS sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ti merit. Ká ní ti merit jẹ́ 76, ti ELDS sì jẹ́ 70. Àpẹẹrẹ ni mo fi 70 ṣe, ẹ má gbára lé e. Pẹ̀lú 70, ọmọ yín nílò 34.125 sí i, tó jẹ́ 69 ní post-UTME. Láti 81 sí 69! Ọmọ tó ń gba 72 àti 75 nílé, tó dà bíi pé kò ní débẹ̀ lórí ìlà kan, ti débẹ̀ lórí ìlà kejì. Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé pé ìdá 20 kéré. Tí ààyè bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ogún péré ni, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló sì ń pín in. Tó bá lè gba 81, kó gbà á, kó wọlé lórí merit, kó má máa retí ìlà ẹnikẹ́ni.

Ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀ lónìí. Kí ni ẹni tó bá a kún un kọ sí ìpínlẹ̀ rẹ̀? Tó bá kọ Ògùn nítorí pé Ṣagamu ni kafé rẹ̀ wà, ẹ lọ tún un ṣe ní JAMB, àyè wà fún àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n á béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí lọ sọ ara rẹ̀ di ará Kwara. Àwọn tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń pàdánù ààyè ní ìparí, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọ̀fà yẹn tún ṣí ilẹ̀kùn mìíràn: Yunifásítì Ilọrin. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tirẹ̀, Kwara sì ni ilé rẹ̀. Níbẹ̀, ọmọ yín kì í ṣe àlejò, inú catchment ló wà. Tí máàkì ilé bá fi hàn pé UI á ṣòro, Ilọrin ni mo máa kọ́kọ́ wò fún un, kí n tó wo Nọ́ọ̀sì, kí n tó wo yunifásítì aládàáni tí owó ọdún kan rẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù lọ́nà mélòó kan.

Ti UNILAG, Yunifásítì Èkó, ńkọ́? Àwọn èèyàn á sọ fún yín pé WAEC ọmọ yín dára, pé UNILAG ń ka WAEC. Òótọ́ ni. Wọ́n ń fún JAMB ní 50, post-UTME ní 30, WAEC ní 20. A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, nínú sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Ọmọ yín ní 12 nínú A1 mẹ́ta, a fi 3.6 àti 3.2 kún un, ó jẹ́ 18.8. Pẹ̀lú 35.875, ó ti ní 54.675 kó tó jókòó ṣe post-UTME. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ àwọn tó ń du Mẹ́dísìn ní UNILAG, A1 márùn-ún ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, 20 gbáko ni wọ́n ń gbé wá. Tí a bá fi 80 ṣe ibi tó yẹ kó dé, ó nílò 25.325 nínú 30. Ìyẹn ju ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí UI ń béèrè 81. Kò rọrùn ju UI lọ, ó tiẹ̀ le díẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti OAU, yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tó ń fún WAEC ní 10: kí ẹ ṣírò kí ẹ tó gbéra. Ẹ kò sì lè di gbogbo rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó kọ UI sí ipò kìíní nìkan ni UI ń pè fún post-UTME. Bí ẹ bá yí i, ẹ ti kúrò ní UI nìyẹn.

Nítorí náà, àkókò ṣe pàtàkì. JAMB máa ń ṣí àyè sílẹ̀ fún yíyí yunifásítì tàbí kọ́ọ̀sì padà lẹ́yìn tí èsì bá jáde. Àyè náà kì í wà bẹ́ẹ̀ títí, yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tí òun ń ti fọ́ọ̀mù post-UTME tirẹ̀. Ẹ ṣe ìdánwò ilé méjì àkọ́kọ́ kíákíá, kí ẹ lè pinnu kí ilẹ̀kùn tó tì. Méjì kò tó láti mọ gbogbo ohun tó yẹ, ó tó láti mọ̀ bóyá 60 lẹ wà tàbí 80.

Àǹtí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀, Nọ́ọ̀sì sì dára púpọ̀. Mo mọ àwọn nọ́ọ̀sì tí mo lè fi ẹ̀mí mi lé lọ́wọ́. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ló yẹ kó ka Nọ́ọ̀sì, kì í ṣe ọmọ tó ń sunkún nítorí Mẹ́dísìn. Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, kí àwọn àgbà tó kù sì dákẹ́ nígbà tó bá ń fèsì. Ohun tí mo máa lòdì sí gidigidi ni tí ẹnikẹ́ni bá ní kó wọ Anátómì tàbí Físíọ́lọ́jì, pé á "kọjá" sí Mẹ́dísìn tó bá ti wọlé. Gbogbo ọdún ni mo ń gbọ́ ọ. Ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ torí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ó dára. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ nítorí àtikọjá, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà títí ọdún mẹ́rin fi pé, inú rẹ̀ kì í sì í dùn.

Ẹni tó ń béèrè owó lọ́wọ́ yín, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Láti 2017, orí CAPS, pèpéle JAMB tí yunifásítì àti JAMB jọ ń lò, ni ìgbaniwọlé ti ń wáyé. Níbẹ̀ náà ni ọmọ ti ń rí i pé wọ́n mú òun, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Àwọn tó ń gba owó bẹ́ẹ̀ mọ ìṣirò tí mo ṣe yìí dáadáa. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ ọmọ mẹ́wàá, wọn ò ní ṣe nǹkan kan, wọ́n á jókòó. Méjì á wọlé nípa agbára ara wọn, wọ́n á ní àwọn ló ṣe é. Àwọn mẹ́jọ tó kù á máa pe fóònù tí kì í lọ. Ẹbí tèmi ti bọ́ sọ́wọ́ irú wọn rí, ọmọ náà sì ní máàkì tó tó o. Máàkì yẹn ni a kò gbẹ́kẹ̀ lé.

Ohun kékeré kan tó ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan ńlá jẹ́: èsì WAEC gbọ́dọ̀ wà lórí JAMB. Kì í ṣe kí ọmọ kàn ní i lọ́wọ́. Ẹ lọ sí CAPS, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ "My O'Level" sí, kí ẹ fi ojú ara yín rí máàkì náà níbẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ìyá kan tó san owó fún oníkafé, tó gba rìsíìtì, tó fi í pamọ́ sínú Bíbélì. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà la ṣí ojú ìwé yẹn ní tábìlì mi, ibẹ̀ mọ́ fefe, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Aggregate ọmọ náà ti tó, àmọ́ wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀.

Ẹ bi mí léèrè ohun tí èmi rò gan-an. Pẹ̀lú 287 àti WAEC yẹn, pẹ̀lú ọmọ tó lè fi 46 kún máàkì rẹ̀ lọ́dún kan, mi ò ní kó kúrò ní UI lónìí. Ìlà merit ga fún un, ó ṣì ṣeé dé. Ìlà Kwara sún mọ́ ọn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìdánwò ilé méjì àkọ́kọ́ ló máa jẹ́ kí n mọ̀ bóyá kí n ní kó dúró tàbí kó máa lọ sí Ilọrin. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì já sí òfo lọ́dún yìí, ọmọ ọdún 17 ni. Kò tíì pẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà. Ọkàn rẹ̀ ni ẹ ó máa ṣọ́, torí pé jíjókòó sílé lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń wọ aṣọ matríkù, máa ń wúwo fún ọmọ ju bó ṣe ń fẹnu sọ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe máàkì rẹ̀ lójú àlejò, ì báà ṣe láti yìn ín.

Tó bá ti ṣe méjì àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, tòun ti máàkì sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan àti iye ìbéèrè tí àkókò kò jẹ́ kó débẹ̀. Kí ẹ kọ èyí tó burú náà sí i.